Ìdè Orí Igi Júnípà

Nínú ọyẹ́, nígbà tí igi ẹmì ti wọ́wé tán, tí iná ìgbẹ́ sì ti jó koríko Ṣakí dé ẹsẹ̀ àpáta, igi méjì máa ń dúró tútù yọ̀yọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Adékúnlé, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù.

Àwọn ọmọdé ń pè wọ́n ní igi Kérésì. Adékúnlé nìkan ló ń pè wọ́n ní júnípà, bí Mísì, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó, ṣe kọ́ ọ. Ogún ọdún ló fi ṣe gádínà nínú ọgbà àwọn òyìnbó oníwàásù. Nígbà tí Mísì ń padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún 1974, ó kó igi kéékèèké méjìlá tó wà nínú agolo wàrà lé e lọ́wọ́. Mẹ́wàá kú. Omi ló pa wọ́n, kì í ṣe ọ̀dá, nítorí igi náà kórìíra kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà nínú omi. Adékúnlé wá kọ ebè gíga méjì, ó po yangí àti iyanrìn odò mọ́ ilẹ̀, ó gbin méjì tó kù, akọ kan, abo kan. Wọ́n yè.

Oyún Àtinúkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ni kì í yè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wálẹ̀ ní oṣù kẹrin. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè pe Adékúnlé ní bàbá ẹnikẹ́ni. Gádínà ni wọ́n ń pè é, àtọmọdé àtàgbà, bẹ́ẹ̀ ó sì ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún.

Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Oyèlékè onísègùn ló tọ́jú oyún náà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Irungbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà, ó sì máa ń fi ọwọ́ pa á bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí oyún kẹrin dúró, ní ìparí ọdún 1981, Àtinúkẹ́ kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Irawo, sọ́dọ̀ arúgbó obìnrin kan tó ń de oyún.

*

Ìyá Irawo kò wá ní òru. Ọ̀sán gangan ló wá, ní àkókò tí òjìji èèyàn máa ń sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ìyá máa ń pe ọmọ wọn wọlé. Arúgbó kúkúrú ni. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́, Ìyá."

"Ó dáa. Ọkọ kì í mọ ibi tí ìdè wà. Bó bá mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ á máa lọ síbẹ̀ ṣáá, ojú náà á sì tú u. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ó wo igi máńgò, ó mi orí. "Èyí ń já ọmọ." Ó wo kaṣú. "Èyí ń gbọn òdòdó nù." Ó dé ọ̀dọ̀ abo júnípà, ó na ọwọ́ sí i, ewé rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ sì gún un. Ó fa ọwọ́ padà, ó sì wo ẹ̀jẹ̀ kékeré tó yọ ní ìka rẹ̀.

"Èyí ńkọ́? Ṣé ó ń wọ́wé?"

"N kò rí i kó wọ́wé rí."

"Ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé ìjì ń já a?"

"Kì í já, Ìyá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Abiyamọ gidi!"

Ó fa òwú dúdú àti òwú funfun yọ nínú gèlè rẹ̀. Ó gé etí ìró Àtinúkẹ́, ó wé òwú náà mọ́ ọn, ó ki ọwọ́ bọ inú igi lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, ó sì ta kókó mẹ́sàn-án sí ẹ̀ka kan. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀.

"Igi yìí kì í wọ́wé nínú ọyẹ́. Igi yìí kì í já ọmọ sílẹ̀ nínú ìjì. Bí ó ṣe di ọmọ tirẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni kí Àtinúkẹ́ di tirẹ̀ mú, títí wọn yóò fi wá fi orúkọ rẹ̀ tú u."

Ó yí padà. "Ní oṣù kẹsàn-án, n ó padà wá. Ẹni tó dè é ló ń tú u, tàbí ẹni tí ó bá rán. Bí a kò bá tú u, kò sí agbẹ̀bí tó lè gbà á."

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Síbẹ̀, igi náà mira lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ní ojú ọ̀nà, ẹnì kan wúkọ́. Nígbà tí Àtinúkẹ́ yọjú, ẹ̀yìn Oyèlékè ló rí, ó ń lọ jẹ́jẹ́.

*

Oyèlékè ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Ní ọjọ́ tó gbọ́ pé Àtinúkẹ́ lọ sí Irawo, ó sọ lójú gbogbo ayé pé, "Bí obìnrin yẹn bá bímọ láti ọwọ́ arúgbó yẹn, kí ẹ wá fá irungbọ̀n mi láàárín ọjà."

Oṣù kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Ikùn Àtinúkẹ́ yọ síta, ó ń gbé e kọjá lójú ọ̀nà omi. Àwọn èèyàn kò sọ nǹkan kan. Irungbọ̀n Oyèlékè ni wọ́n ń wò.

Mọ́nsúrù onígbàjámọ̀ nìkan ni kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Mọ́ládé!" ó pariwo sí Oyèlékè láti abẹ́ igi tó ti ń fárí. "Mo ti ń pọ́n abẹ o! Ṣé ọṣẹ dúdú lẹ fẹ́ ni, àbí ti ìgbàlódé?"

Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Oyèlékè náà rẹ́rìn-ín. Ó pa irungbọ̀n rẹ̀, ó ń lọ.

*

Ó dé ẹ̀yìnkùlé Adékúnlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa eruku. Gádínà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé orí ewé júnípà.

"Gádínà, o kú iṣẹ́. O ò lè fi ìyàwó rẹ kejì yìí sílẹ̀ kó sinmi ni?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Mọ́ládé. Ìyàwó tí kì í béèrè owó ọbẹ̀, ta ló ń fi í sílẹ̀?"

"Kí ló dé tí o ń rọra gé e bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun?"

Ojú Adékúnlé tàn. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ igi rẹ̀. "Ibi tó bá tutù nìkan là ń gé. Bí èèyàn bá gé e wọ inú lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí ewé, ibẹ̀ kò ní hù mọ́ láéláé. Kò dà bíi máńgò. Igi yìí kì í dárí jini."

"Èso rẹ̀ yìí ńkọ́? Kò tíì pọ́n?"

"Ó kù o! Ọdún méjì ló fi ń wà lórí igi kó tó dúdú. Òjò kò lè já a, ọyẹ́ kò lè já a. Ohun tó bá ti dì mú, kì í tètè fi sílẹ̀."

 Oyèlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ewé. Nínú òkùnkùn igi lọ́hùn-ún, ó rí òwú, dúdú àti funfun.

"Ọdún méjì," ó wí.

"Gbáko," ni Adékúnlé dáhùn, inú rẹ̀ sì ń dùn.

*

Oyèlékè kò fẹ́ kí Àtinúkẹ́ kú. Ohun tó fẹ́ kéré ju ìyẹn lọ, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Ó fẹ́ kí oṣù kẹsàn-án kọjá, kí ìkẹwàá kọjá, kí arúgbó Irawo wá ìdè rẹ̀ tì. Nígbà náà ni Gádínà yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, òun yóò sì tú u. Gbogbo Ṣakí yóò gbọ́ ẹni tó tú u.

Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ilé Adékúnlé dá, ó gbé àdá lọ. Kò fọwọ́ kan kókó mẹ́sàn-án náà. Ẹ̀rù wọn bà á. Ó gé ẹ̀ka náà tòun ti ìdè rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí àjà ilé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Adékúnlé rí ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n ti gé e wọ inú, dé ibi tí kò sí ewé. Oje ń jáde níbẹ̀, ó ń kán díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Àwọn ọmọdé ni," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n rò pé yóò tún hù."

Àtinúkẹ́ wo ọgbẹ́ igi náà. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ọkọ kò gbọdọ̀ mọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò ránṣẹ́ sí Irawo. Ó ránṣẹ́. Wọ́n ní arúgbó náà ń ṣàìsàn, pé yóò wá bó bá lè dìde.

*

Ìyá Irawo dé ní oṣù kẹsàn-án, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ki ọwọ́ bọ inú igi. Ó wá a, ó wá a. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan ojú ọgbẹ́, ó jókòó lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n tún lè fi pa mọ́ fún Adékúnlé. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, ojú rẹ̀ sì ń di eérú.

"Ìyá, orí èwo lẹ dè é sí?"

"Èyí tó ń so."

"Ẹ̀ bá ti bi mí." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Háà, ẹ̀ bá ti bi mí. Ọmọ igi yẹn kì í bọ́ ní oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún méjì ni."

Arúgbó náà bo ojú. Ewé tí kì í wọ́ ló wò. Kò béèrè ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ń bọ́. Bí ìdè bá ṣì wà níbẹ̀ láti tú, kò ní sí ewu. Ní báyìí tí ìdè ti sọnù, ìṣe igi náà ló kù.

Oṣù kẹwàá wọlé. Nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó oníwàásù, níbi tí Adékúnlé ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé etí lé ikùn, ó ní ọkàn ọmọ ń lù, pé bóyá wọ́n ṣi oṣù kà. Oṣù kọkànlá wọlé. Ìyá Irawo kò padà sílé; ọwọ́ tó fi de ìdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àwọn àládùúgbò ní kí Adékúnlé lọ bẹ Oyèlékè.

"Bí ẹ bá lọ," ni Àtinúkẹ́ wí láti orí ẹní, "ẹ má padà bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mu oògùn ọkùnrin yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sin ohun tí kò lójú."

*

Ní ilé Oyèlékè, ẹ̀ka náà kò gbẹ.

Oṣù márùn-ún ti kọjá, ewé rẹ̀ tutù bí ọjọ́ tó gé e. Òórùn rẹ̀ gba yàrá, ó wọ aṣọ, ó wọ inú omi mímu. Adìẹ tó ń sàba jókòó lórí ẹyin kọjá ọjọ́ tó yẹ. Kò sí èyí tó pa. Ewúrẹ́ rẹ̀ rọbí fún ọjọ́ méjì, ó kú tòun ti ọmọ nínú. Oyèlékè sin ín. Ó gbójú sókè wo àjà, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Wọn kò wá bẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí ẹsẹ̀ Gádínà.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu ló gbé ẹlòmíràn wá. Mọ́ládé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ láti Ìgbòho, ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

"Bàbá, mo dé o! Àkọ́bí yín fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀!"

"Ta ló ní kí o wá?"

Mọ́ládé dúró. "Ẹ gbà mí o, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyí? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ilé bàbá ni obìnrin ti ń bí àkọ́bí."

"Padà sí Ìgbòho. Màá wá bá ọ níbẹ̀."

"Ọkọ̀ ti lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe wú bí iṣu." Ó wọlé, ó jókòó sábẹ́ àjà gan-an, ó mí kanlẹ̀. "Kí ló ń ta sánsán báyìí? Ó dà bí inú àpótí aṣọ àwọn Mísì."

Nígbà tó sùn, Oyèlékè gun àkàbà. Ó na ọwọ́. Abẹ́rẹ́ ewé gún un. Ní ìta, ohùn Mọ́nsúrù kọjá, "Bàbá Mọ́ládé, irungbọ̀n ńkọ́ o?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Bó bá gbé e jáde lónìí, wọn yóò rí i.

"Lọ́la," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Mọ́ládé ti ń rọbí.

*

Ọjọ́ kìíní, ó ń kọrin pẹ̀lú ìrora. Ọjọ́ kejì, kò kọrin mọ́. Agbẹ̀bí ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oyèlékè ní, "Ọmọ onísègùn?" Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, agbẹ̀bí náà kàn ń wò ó.

Oyèlékè gbé ẹ̀ka náà kúrò lórí àjà. Ó mú kókó àkọ́kọ́. "Mọ́ládé," ó pè. Kókó náà le sí i. "Mọ́ládé! Mọ́ládé, ọmọ mi!" Òwú náà wọ inú ìka rẹ̀, ó gé e. Kókó mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, bí eyín nínú ẹnu tó pa dé.

Ó gbé e jáde ní ọ̀sán gangan, láìfi aṣọ bò ó. Ó gbé e kọjá lójú Mọ́nsúrù. Mọ́nsúrù sọ abẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Àtinúkẹ́ wà lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ ti jìn. Ní àárọ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì ti ní ọkàn ọmọ ti ń rẹ̀ ẹ́, pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbé e lọ, wọn yóò là á níkùn. Adékúnlé jókòó ti orí rẹ̀. Ìyá Irawo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀, irungbọ̀n rẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ìyá, ọmọ mi ń kú lọ."

"Ọmọ ta ni?" ni arúgbó náà béèrè.

 Adékúnlé ń wo ẹ̀ka náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ gbogbo ẹ̀ka igi rẹ̀.

"O ti gbìyànjú láti tú u," ni Ìyá Irawo wí. "Orúkọ ta ni o pè?"

Oyèlékè fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Orúkọ ta ni o pè, Oyèlékè?"

"Mọ́ládé."

"Ìdè yìí kò mọ Mọ́ládé. Orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀."

"Ẹ bá mi tú u, Ìyá. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ yín."

Arúgbó náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ìka tó ti ká. "Èwo ni n ó fi tú u? Ìwọ ni n ó rán. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀: bí o bá pe Àtinúkẹ́ lẹ́nu, tí o sì ń pe Mọ́ládé nínú, kò ní tú. Pè é bí ẹni pé ìwọ lo bí i."

Adékúnlé dìde.  Oyèlékè rò pé yóò lu òun, ó sì di ojú. Ṣùgbọ́n Gádínà gbé ẹ̀ka náà, ó gbé e lọ síbi igi, ó fi ojú ọgbẹ́ kan ojú ọgbẹ́, ó dì í mú síbẹ̀.

"Ọdún méjì," ó wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ fún yín. Ó yá, ẹ pè é."

"Àtinúkẹ́," ni Oyèlékè wí. Kókó àkọ́kọ́ kò mira. Láti ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, igbe kan dún, tíńrín. Ó mọ igbe náà. Ó yí orí síbẹ̀.

"Má wo ibẹ̀," ni arúgbó náà wí.

Ó wo Àtinúkẹ́. Ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin tó ti mu oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àtinúkẹ́," ó pè. "Àtinúkẹ́ o. Sọ̀ ọ́, ìyá mi. Sọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́."

Kókó kìíní tú. Ìkejì. Ìkẹta le, ó dúró, ó mí, ó tún pè é. Àwọn igbe láti ọ̀hún ń rẹlẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Nígbà tí ìkẹsàn-án tú, òwú náà bọ́ sílẹ̀, ẹ̀ka náà sì wúwo lójijì lọ́wọ́ Adékúnlé, bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Àtinúkẹ́ ké. Ó dìde jókòó, ó di apá Ìyá Irawo mú, ó bí ọmọ náà lórí ẹní, lójú oòrùn. Ọmọbìnrin ni. Irun rẹ̀ gùn dé ọrùn, èékánná rẹ̀ sì ti yọ kọjá ìka. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ kó tó ké.

Ẹnì kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Agbẹ̀bí ni, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà tí Oyèlékè rí i pé kò sáré, ó mọ̀.

"Ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀," ni agbẹ̀bí wí, "wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti lọ. Ọmọ náà ò sì ké."

*

Mọ́nsúrù kò béèrè irungbọ̀n náà mọ́. Oyèlékè ló lọ bá a fúnra rẹ̀, láàárín ọjà, ó jókòó, ó na ọrùn. Wọ́n ní Mọ́nsúrù po omi ojú mọ́ ọṣẹ.

Ìyá Irawo padà sílé, kò sì de oyún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nínú ọyẹ́ ọdún kejì, ní òwúrọ̀ kan tí kùrukùru eruku bo àpáta, Oyèlékè dé ẹ̀yìnkùlé náà. Apá kan igi náà wà bó ṣe gé e, ihò kan tí ewé kò bò. Èso yòókù ti dúdú, wọ́n ti ń bọ́. Ọmọbìnrin Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú agolo.

"Gádínà," ni Oyèlékè wí, ó sì tún un ṣe. "Bàbá Àpọ́nlé."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mọ́ládé."

Oyèlékè gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n, níbi tí kò sí nǹkan mọ́. "O ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ yín ni."

 Èso kan bọ́, ọmọ náà ṣà á.

"Mo fẹ́ gbin nǹkan sí orí ibojì rẹ̀," ni Oyèlékè wí níkẹyìn. "Ohun tí kò ní wọ́wé."

Adékúnlé wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Agolo wàrà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, júnípà kékeré tó ga tó ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Mọ́ládé, ó ti gé ọ̀mùnú mẹ́fà lára ẹ̀ka náà, ó kì wọ́n sínú iyanrìn. Ọ̀kan ló ta gbòǹgbò.

"Ebè gíga ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ po yangí mọ́ ọn. Ẹ má bomi rin ín jù. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, orí ewé nìkan, ẹ má wọ inú."

"Ìgbà wo ni yóò so?"

"Yóò pẹ́."

Oyèlékè gbà á. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún, ó sì ń lọ nínú eruku. Orí igi kékeré náà ń gún un lágbọ̀n bó ṣe ń rìn. Kò yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.